Bẹ́ẹ̀ Ni Tí Mo Wí Nínú Ọkọ̀ Ẹlẹ́ńjìnnì Méjì

Ohùn kẹta ti padà. Mo gbọ́ ọ: wúùn... wúùn... wúùn... ó ń wú, ó ń rọ̀, bí àyà ẹni tó ń sùn. Omi adágún dáàmù ń lá ìhà ọkọ̀, èéfín dísẹ́ẹ̀lì ń ta mí lójú, pákó abẹ́ ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Bàbá ti fún nọ́ọ̀tù tán. Ó fi àkísà nu ọwọ́, ó gbójú sókè láti ibi tó kúnlẹ̀ sí, ó tẹjú mọ́ ẹnu mi, ó ní, "Wọ́n ti bára mu, àbí?"

Alhaji tó ni ọkọ̀ ń wò mí. Ọmọ Bàbá obìnrin ń wò mí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ wa ọkọ̀ náà ń wò mí.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Wọn ò bára mu. Mo mọ̀ pé wọn ò bára mu. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe ọjọ́ náà, kì í ṣe òun, mo sì fẹ́ kí ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí ti mọ̀ láti ìsinsìnyí, nítorí ọrùn ẹlòmíràn ni wọ́n gbé e kọ́. Ohun tí mi ò mọ̀, tí mi ò tíì mọ̀ di òní, ni orúkọ tí màá pe ohun tí mo ṣe. Tí mo bá ní irọ́ ni, inú mi á ní rárá. Tí mo bá ní ẹ̀kọ́ ilé ni, inú mi á tún ní rárá.

Basawa ní Zaria là ń gbé nígbà náà, nínú ilé gbọọrọ kan tí yàrá dojú kọ yàrá. Akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn ayálégbé. Yorùbá ibẹ̀ ò ju àwa àti Bàbá lọ: èmi àti Màámi nínú yàrá kan, Bàbá nìkan nínú yàrá tó kọjú sí tiwa. Bàbá tó bí mi ń wa tírélà, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan là ń rí i. Láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, Màámi á ti gbé ìkòkò kókó, ẹ̀kọ mímu àwọn Hausa, kaná lẹ́nu ọ̀nà. Òórùn atalẹ̀ àti kànáfùrù á gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, àkàrà á máa ké ṣáàà nínú òróró, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á tò pẹ̀lú ife lọ́wọ́, oorun ṣì máa wà lójú wọn. Ṣùgbọ́n Bàbá ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mu. Màámi kì í ta fún ẹnikẹ́ni kí Bàbá tó gba tirẹ̀. Ó ní ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Bàbá kì í ṣe ẹbí wa. Ọmọ Ọ̀fà ni, rélùwéè ló gbé e wá sókè Ọya láti kékeré, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin ló sì ń tún ṣe títí ọkọ̀ fi dẹ́kun kíkọjá. Ìgbà tí mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀rọ ìlọkà àti jẹnẹrétọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kù fún un láti máa tún ṣe. Òórùn mẹ́ta ló máa ń wà lára rẹ̀ pọ̀: dísẹ́ẹ̀lì, òrí tó ń fi pa orúnkún, àti orógbó. Tó bá kọjá lẹ́yìn rẹ, o ò ní láti wẹ̀yìn kó o tó mọ̀ pé òun ni.

Ìyàwó rẹ̀ wà ní Wusasa, ní itẹ́ òkú ilé ìjọsìn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, a jọ máa ń lọ síbẹ̀. Màá fa koríko, òun á jókòó sórí òkúta, á máa ròyìn ọ̀sẹ̀ fún obìnrin náà. Ata ti wọ́n. Onílé ti kun iwájú ilé ṣùgbọ́n òrùlé ṣì ń jò. Ọmọ yìí ti gbàgbé ìwé rẹ̀ sínú òjò. "Ẹ má sọ ìyẹn fún wọn, Bàbá," màá ní. Á ní, "Tí mi ò bá sọ ọ́, wọ́n á rí i. Kò sí nǹkan mìíràn tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ju kí wọ́n máa wò wá lọ."

Etí Bàbá ti ń lọ. Ariwo ẹ́ńjìnnì ló jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ikán ti ń jẹ igi àjà, tí èèyàn ò ní mọ̀ títí àjà á fi tẹ̀. Kò jẹ́ gbà. Tó o bá kí i lẹ́yìn, kò ní dáhùn. Tó o bá wá síwájú kó o tún kí i, á ní, "Mo ti gbọ́ ọ láti ẹ̀ẹ̀kan, mo ń ronú ni." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ ọgbọ́n yìí. Wọ́n á máa ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín ara wọn: "Ẹ má pe Bàbá o, Bàbá ń ronú." Èmi náà á rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ẹnu ẹni ló ń wò láti fi gbọ́ràn. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń tẹjú mọ́ ẹnu èèyàn bí ẹni pé oúnjẹ kù sí i.

Ó tún ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kò sí iná, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ti tan jẹnẹrétọ̀ wọn lẹ́yìn ilé, mo sì wà níbẹ̀ tí mo ń fọ abọ́. Bàbá jáde, ó gbé ọwọ́ lé ògiri, ó dúró pẹ́. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ohùn mélòó lò ń gbọ́?"

Mo ní méjì.

"Pa ojú dé."

Mo pa ojú dé. Ó ṣe díẹ̀, mo gbọ́ òmíràn, tí kì í ṣe ti jẹnẹrétọ̀ yìí, tí kì í sì í ṣe ti ìyẹn. Ó ń wá, ó ń lọ. Wúùn, wúùn, wúùn.

Mo ní, "Ẹ̀kẹta wà, Bàbá. Ta ló ni ín?"

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbá mi lórí. "Kò sẹ́ni tó ni ín. Ìjà wọn ni. Ẹ́ńjìnnì méjì tí ìmí wọn fẹ́ dọ́gba, tí kò tíì dọ́gba, ìjà wọn ló máa ń dún bẹ́ẹ̀. Bó bá ń dún kíákíá, wọ́n ṣì jìnnà síra. Bó bá ń falẹ̀, wọ́n ti ń súnmọ́ra. Ọjọ́ tó bá kú pátápátá, wọ́n ti gbà fún ara wọn." Ó gbé ọwọ́ mi lé ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ògiri náà ń wú, ó ń rọ̀, bí ohùn náà ti ń ṣe gan-an.

Láti ìgbà náà, ó di eré wa. Ó máa fi àtẹ́lẹwọ́ gbọ́ tirẹ̀, èmi á fi etí gbọ́ tèmi, a ó sì jọ wò ó bóyá ọ̀kan náà ni. Àdéhùn kan ṣoṣo ló bá mi ṣe: "Ohun tí etí rẹ bá gbọ́ ni kó o wí. Má wí ohun tí ojú mi ń fẹ́." Mo ní mo ti gbọ́.

Ẹ̀kọ́ tí Màámi ń kọ́ mi nílé yàtọ̀. Màámi ní ẹ̀rù kan tí kì í lọ, pé wọ́n á sọ pé ọmọ tí òun bí sí Zaria ò mọ ìkíni, ò mọ àgbà, Hausa nìkan ló mọ̀. Òótọ́ ni pé Hausa yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Nítorí náà, ìdọ̀bálẹ̀ mi gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀, àyà gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan eruku. Ọjọ́ kan, àwọn àgbà ìjọ wá kí Bàbá. Bàbá ń sọ ìtàn ẹ́ńjìnnì kan tó kọṣẹ́ ní Kafanchan, bí òun ṣe fi wáyà so ó títí wọ́n fi délé. Gbogbo èèyàn ń gbádùn rẹ̀. Èmi ni mo la ẹnu.

"Bàbá, kì í ṣe Kafanchan. Kaura Namoda lẹ sọ lánàá."

Mi ò rí ọwọ́ Màámi kó tó bà mí. "Ìwọ lo wà níbẹ̀ ni? Ṣé wọ́n tiẹ̀ ti bí ẹ?"

Bàbá ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ìyá rẹ̀. Ó lè jẹ́ Kaura Namoda lóòótọ́."

"Ì báà ṣe Jerúsálẹ́mù, Bàbá, kì í ṣe òun ló máa sọ ọ́."

Àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín. Màámi ní kí n dọ̀bálẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a dé inú yàrá, kò tún nà mí, ohùn rẹ̀ wá rọlẹ̀, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù. Ó ní, "Tí àgbà bá sọ̀rọ̀ níwájú àlejò, tó yíjú sí ẹ, tó ní àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí lo máa wí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

Mo gbójú sókè wò ó.

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni náà ni. Tó bá ku ẹ̀yin méjì, kó o wá sọ fún un nídàákọ́ńkọ́."

Ó yé mi. Àbí mo rò pé ó yé mi.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ọmọ Bàbá dé láti Ọ̀fà. Àǹtí là ń pè é. Aṣọ ló ń tà, ó yára lẹ́sẹ̀, ó yára lẹ́nu, ó sì fẹ́ràn baba rẹ̀ débi pé kò lè jókòó sí iwájú rẹ̀ kó má bá a tún ọrùn ẹ̀wù ṣe. Ó wá mú un lọ sílé ni. Ó ní ọkọ̀ alùpùpù ló fẹ́ gbá Bàbá lójú òun lọ́nà Samaru, tó ń fọn, tó ń fọn, Bàbá ò gbọ́.

"Mo gbọ́," ni Bàbá wí. "Mo ń ronú ni."

"Ẹ wá máa ronú ní Ọ̀fà, Bàbá."

"Ta ló máa wà pẹ̀lú ìyá rẹ níbí?"

Àǹtí yí ojú sápá kan. Wọ́n bá ara wọn fà á fún ọjọ́ bíi mélòó kan, Màámi ń bẹ̀ wọ́n láti ẹ̀gbẹ́ ìkòkò kókó. Èmi ò sùn dáadáa. Mo rò ó pé bí Bàbá bá lọ, kò sí ẹni tí màá máa bá gbé ọwọ́ lé ògiri mọ́.

Ọkọ̀ Alhaji ló fẹ́ yanjú ọ̀rọ̀ náà. Alhaji kan láti Zaria City, oníṣòwò ata àti tòmátì, ló ra ọkọ̀ ojú omi àlòkù láti apá ìsàlẹ̀ odò, tó fi tírélà gbé e wá sí dáàmù. Ó fẹ́ máa fi kó àgbẹ̀ àti apẹ̀rẹ̀ wọn kọjá lásìkò òjò. Àwọn èèyàn fi ṣe ẹlẹ́yà títí: ọkọ̀ ojú omi ní Zaria, ṣé Alhaji fẹ́ fi í lọ Makka ni? Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì méjì ló ní, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọn ò sì gbọ́ ara wọn. Mẹkáníìkì mọ́tò tó kọ́kọ́ wò ó dá a padà. Ẹnì kan wá júwe Bàbá. Alhaji ní bí Bàbá bá lè tún un ṣe, òun á fi í ṣe olùtọ́jú ọkọ̀ náà, yàrá á wà fún un létí omi, ọmọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ á máa sùn nítòsí rẹ̀.

Àǹtí gbọ́, ó rò ó. Ó ní, "Ó dáa. Màá bá yín lọ. Bí iṣẹ́ náà bá bọ́ sí i, tí mo fojú ara mi rí yàrá, màá padà sí Ọ̀fà ní èmi nìkan. Bí kò bá bọ́ sí i, Bàbá, ẹ ó kó ẹrù yín, ẹ ò sì ní bá mi jà mọ́."

Bàbá ní, "Kò burú." Ó wá yíjú sí mi. "Ọ̀rẹ́ mi, etí rẹ dà?"

Mo fọwọ́ kan etí mi méjèèjì. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bí a ṣe fẹ́ wọ ọkọ̀ Alhaji, Màámi bá mi tún bọ́tìnnì ẹ̀wù ṣe, ó rọra sọ fún mi pé, "Má gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà o. Àwọn èèyàn ńlá ló wà níbẹ̀."

Etí dáàmù tutù, ó sì ń rùn bí ẹja àti ẹrẹ̀. Wọ́n so ọkọ̀ náà mọ́ òpó. Alhaji ti jókòó sórí àga láàárín ọkọ̀, ife tíì rẹ̀ lọ́wọ́, babaríga rẹ̀ ká mọ́ orúnkún. Bàbá ṣí pákó ilẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sáàárín ẹ́ńjìnnì méjèèjì bí ẹni tó wọ inú ibùsùn. Wọ́n tan ọ̀kan. Èéfín dúdú bú jáde, lékeléke fò. Wọ́n tan èkejì. Bàbá ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n gbóná ná, nítorí ẹ́ńjìnnì tútù máa ń parọ́. A dúró. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í mú un lọ́rùn.

Ó ń ṣàlàyé fún Alhaji lédè Hausa bí a ti ń dúró. Ó ní bí ọkọ̀ bá ń sáré, ọwọ́ awakọ̀ á bo àṣìṣe. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ gúnlẹ̀, kò ní fún un níná mọ́, ìmí jẹ́jẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń mí nìkan ló ń tì í, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sílò. Ó ní bí ẹni méjì tó jọ ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù ni. Bí ọ̀kan bá ń tì í jù, kẹ̀kẹ́ á yà sọ́dọ̀ ọ̀lẹ.

"Madalla," ni Alhaji wí, pé ó dára bẹ́ẹ̀. Ó ní òun mọ bí òun ṣe máa dán an wò. Ọmọkùnrin yìí á gbé ọkọ̀ jáde, á yí i padà, á fi ẹ́ńjìnnì méjèèjì sí sílò, á sì ká ọwọ́ kúrò lára ìdarí. Bí ọkọ̀ bá bá àárín òpó méjèèjì wọlé fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí, kí Bàbá lọ kó ẹrù rẹ̀ wá sínú yàrá.

Bàbá bẹ̀rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ òsì lé pákó tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì méjèèjì, ó fi ọwọ́ ọ̀tún mú sípánà. Ó dẹ nọ́ọ̀tù, ó yí sùkúrù díẹ̀, bí ẹni tó ń yí etí ọmọ tó fẹ́ràn. Ohùn kẹta ń dún kíákíá. Mo na ìka sókè: wọ́n jìnnà. Ó tún yí i. Ó falẹ̀. Mo rẹ ìka sílẹ̀. Ó yí i bíńtín. Wúùùùn... wúùùùùn... Ó gùn títí, ó dà bí ẹni pé kò ní padà. Kò sì padà. Àwọn ẹ́ńjìnnì méjèèjì di ọ̀kan. Mi ò lè sọ bó ṣe rí lára mi. Bí ìgbà tí èèyàn ń gbọ́ òjò lórí páànù, tó dá lójijì.

Mo na ọwọ́ mi gbalaja. Bàbá náà ti gbọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ká ọwọ́ kúrò lórí pákó, nítorí ọwọ́ méjèèjì ló fi ń fún nọ́ọ̀tù. Ó fún un.

Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí rí mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nọ́ọ̀tù tí wọ́n ń fún máa ń fa sùkúrù yí díẹ̀, díẹ̀ tí ojú ò ní rí. Ohùn kẹta padà.

Ìgbà náà ló wá bi mí. Bó bá jẹ́ pé ó ní, "Kí lò ń gbọ́?" bó ṣe máa ń bi mí lẹ́yìn ilé, màá ti sọ. Ṣùgbọ́n kò bi mí bẹ́ẹ̀. Ó ti kọ́kọ́ wojú Alhaji, ó ti wojú ọmọ rẹ̀, àyà rẹ̀ ti yọ síta, ó wá ní, "Wọ́n ti bára mu, àbí?" Àgbà ti sọ̀rọ̀ níwájú àlejò, ó ti yíjú sí mi. Mo ro ti Kaura Namoda. Mo tún ro àdéhùn wa. Mo rò ó pé bó bá ku àwa méjì, màá sọ fún un nídàákọ́ńkọ́. Gbogbo rẹ̀ jọ wá sí mi lórí lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu mi sì ti dáhùn kí n tó mú ọ̀kan.

Kò ku àwa méjì. Wọ́n tú okùn lójú ẹsẹ̀.

Awakọ̀ gbé wa jáde, ó yí i padà, ó fi í sí sílò, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí Alhaji lè rí i. Fún ìgbà díẹ̀ ọkọ̀ náà lọ tààrà. Mo ń gbàdúrà lédè Hausa àti Yorùbá. Lẹ́yìn náà imú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí òsì, wẹ́rẹ́, wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń sùn lọ lórí àga. Ó ha òpó òsì, kéréé. Ife tíì Alhaji bọ́ sómi.

Bí a ti ń yà yẹn ni mo rí Bàbá. Ó ti gbé àtẹ́lẹwọ́ padà sórí pákó. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó gbọ́ ọ. Ó wá wò mí, kò bínú, ó kàn wò mí bí ẹni tó ń wo ilé tó mọ̀, tí wọ́n ti gbé ilẹ̀kùn rẹ̀ síbòmíràn.

Alhaji ò pariwo. Ì bá ti dára bó bá pariwo. Ó nà síwájú, ó fọwọ́ kan èjìká Bàbá, ó ní, "Sannu, Baba. Ka gaji." Ó ní ó ti rẹ Bàbá. Ohùn tí wọ́n fi ń kí aláìsàn ló fi sọ ọ́.

Mo ń dúró kí Bàbá sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun tún un ṣe. Yíyí sípánà bíńtín ni. Alhaji ì bá gbà, ó dá mi lójú. Tàbí kó nàka sí mi, kó ní ọmọ yìí ló ní wọ́n ti bára mu. Kò ṣe ìkankan. Ó gbé pákó padà, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Alhaji. Ó rẹ mí lóòótọ́." Àǹtí sì di apá rẹ̀ mú láti sọ̀ kalẹ̀, bí wọ́n ti ń di afọ́jú mú, Bàbá tó ti fò wọ inú ọkọ̀ náà láàárọ̀ fúnra rẹ̀.

Nílé, Àǹtí sọ fún Màámi pé òun ò tíì rí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ bíi tèmi, pé kò sí ẹni tí mi ò dọ̀bálẹ̀ fún. Inú Màámi dùn. Ẹran méjì ló fi sórí ìrẹsì mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo jẹ ẹ́. Ó dùn. Ìyẹn náà wà lára ohun tí kò yé mi.

Ọjọ́ tí wọ́n lọ, a sìn wọ́n dé ibùdókọ̀. Ẹrù Bàbá ò pọ̀. Mo rò pé màá rí àyè sọ fún un, ṣùgbọ́n Àǹtí ò kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, Màámi ò kúrò lọ́dọ̀ mi. Kí Bàbá tó wọkọ̀, ó tẹ̀ wá sílẹ̀ sí mi, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, o ṣe dáadáa. Máa bá mi kí wọn ní Wusasa." Mo ní ẹ ṣeun sà. O ṣe dáadáa. Mo ti yí ọ̀rọ̀ yìí sí òkè, mo ti yí i sí ìsàlẹ̀. Bóyá ó ń yìn mí pé mi ò dójú tì í níwájú èèyàn. Bóyá ó ń fi mí ṣẹ̀sín. Àbí ó ti sú u láti máa bá ọmọ rẹ̀ jà, tí àṣìṣe mi wá gbà á sílẹ̀? Bó bá jẹ́ èyí tó gbẹ̀yìn, kí ló dé tó fi sunkún nínú ọkọ̀? Mo rí i láti ojú fèrèsé.

Mi ò pẹ́ nílé ìwé lẹ́yìn ìgbà náà. Kẹ̀kẹ́ akérò ni mo ń wà báyìí, láti Samaru sí Basawa. Wọ́n ní kí n kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì, mo kọ̀, mo ní mi ò fẹ́ kí ọwọ́ mi dọ̀tí. Tí èmi àti kẹ̀kẹ́ mìíràn bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ara wa ní oríta, tí èrò ń wọlé, màá gbọ́ ìjà àwọn ẹ́ńjìnnì wa, màá sì yára gbéra kí ẹ̀yìn tó kún. Tí èrò méjì bá ń jiyàn lẹ́yìn mi, tí wọ́n ní kí n dá sí i, mo máa ń gbà fún èyí tó dàgbà jù. Lẹ́yìn náà inú á bí mi. Mo máa ń lọ sí Wusasa, mo ń fa koríko. Mi ò tíì mọ ohun tí màá ròyìn.

Bàbá ṣì wà láyé. Etí rẹ̀ ti lọ pátápátá, kò lè gbọ́ fóònù. Àǹtí ló máa ń pè wá. Lọ́dún yìí, lẹ́yìn Àjíǹde, ó pe Màámi, Màámi sì gbé e fún mi. Ó ní obìnrin kan tó ń lọ ata lẹ́bàá ilé wọn ní ẹ̀rọ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, pé Bàbá ti gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ náà, ó sì ti mọ ohun tó ń ṣe é, ó ń wá sípánà kiri ilé. Òun ti kó gbogbo sípánà pamọ́. Ó ní òun ò lè jẹ́ kí ojú tún ti Bàbá bí ó ti tì í lórí omi. Àtìgbà tí wọ́n ti dé Ọ̀fà, ó ní, òun ò jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì ẹnikẹ́ni. Ó máa ń jókòó sí ìta, á fi àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, á máa wo ọ̀nà.

Ó wá ní, "Ìwọ tó o wà níbẹ̀, ó ṣojú ẹ. Ṣé mi ò ṣe dáadáa?"

Mo ní, "Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, mà." Ó ṣàdúrà fún mi, ó pa fóònù.

Ó pẹ́ tí mo ti rò pé Bàbá ni mo jẹ ní gbèsè. Bàbá kọ́. Bàbá ti mọ̀ kí imú ọkọ̀ tó kan òpó. Àǹtí ni kò mọ̀. Òun ni mo jẹ, ọ̀rọ̀ tí kò gùn ni: pé ọwọ́ baba rẹ̀ ò ṣi nǹkan kan gbọ́, pé nọ́ọ̀tù ló fa sùkúrù, pé mo gbọ́ ọ, mi ò sọ. Bó bá gbọ́ ọ, á kó sípánà jáde, á sì tún rántí gbogbo ọdún tó ti kó wọn pamọ́. Mi ò mọ èyí tí yóò dùn ún jù. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù mi. Mo ti tẹ̀ ẹ́ rí, ó ti dún, ó ti gbé e, ó ti ń kí mi, mo sì bi í pé aṣọ ń tà bí.